Kàrátè Nínú Ọgbà Ilé: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Ṣe Lè Dánra Wò Láì Ba Ohun Tí Sensei Kọ́ Ọ Jẹ́

Bí kíláàsì kàrátè yín bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ṣì kù tí ẹ máa fi wà nílé. Ọjọ́ márùn-ún yìí ló ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lẹ́nu. Àwọn kan á gbé aṣọ kọ́, wọn ò ní rántí kàrátè mọ́ títí di ọjọ́ kíláàsì. Tí Sensei, ìyẹn olùkọ́ yín, bá wá ké "gedan-barai" (fífi apá dí ìkọlù tó wá sí ìsàlẹ̀ ara), ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú ni wọ́n á máa wò. Àwọn kejì á ṣe é láṣejù: wọ́n á wo fídíò lórí fóònù, wọ́n á máa ta ògiri nípàá, wọ́n á máa sáré kata (ètò ìṣísẹ̀ tí a tò tẹ̀lé ara wọn) kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, pẹ̀lú ìdúró tí kò tọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn kejì yìí ló le jù. Ẹni tó gbàgbé, wọ́n á rán an létí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí àṣìṣe ti mọ́ lára, ó lè gba Sensei lóṣù mélòó kan kó tó yọ ọ́ kúrò.

Nítorí náà, òfin kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: a kì í kọ́ nǹkan tuntun nílé. Ohun tí wọ́n ti kọ́ yín, tí Sensei sì ti tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín tò lórí rẹ̀, òun nìkan ni kí ẹ gbé wálé.

Ti Shotokan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà kàrátè, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, fún ẹni tó ṣì wà lórí bẹ́líìtì funfun. Bó bá jẹ́ taekwondo lẹ ń ṣe, ètò náà kò yàtọ̀: ẹ fi Taegeuk Il Jang, ètò ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ wọn tó ní ìṣísẹ̀ 18, rọ́pò Heian Shodan, kata àkọ́kọ́ ti Shotokan tó ní 21, kí ẹ sì lo ìdúró tí wọ́n kọ́ yín níbẹ̀. Júdò ni mi ò ní kí ẹ fi èyí ṣe. Ṣíṣubú àti gbígbé ènìyàn lulẹ̀ ń fẹ́ tìmùtìmù àti olùkọ́ tó dúró tì yín.

Ohun tí ẹ nílò

- Àyè tó tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún níbùú àti lóròó. Bí kò bá sí, ẹ wo ìgbésẹ̀ kejì.
- Ṣọ́ọ̀kì. Nínú gbogbo ohun tó wà níbí, òun ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì wọ́n kéré jù.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.
- Fóònù tó ní kámẹ́rà.
- Àga onígi tó dúró dáadáa. Àga rọ́bà máa ń yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́.
- Ìgbálẹ̀, omi mímu, táwẹ̀lì.
- Ṣòkòtò tí kò fún, tí ẹ lè gbé orúnkún dé ìbàdí nínú rẹ̀.

Ẹ ò nílò gi, aṣọ kàrátè, nílé. Ẹ jẹ́ kó wà ní mímọ́ de ọjọ́ kíláàsì. Ẹ má ra àpò ìkànṣẹ́, ẹ má ra nunchaku (ọ̀pá kékeré méjì tí a so pọ̀). Ẹni tí kò tíì lè dúró dáadáa kò ní ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ gé èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ sì bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn sílẹ̀.

1. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo wálé láti kíláàsì

Kí ẹ tó kúrò ní dojo, ibi tí ẹ ti ń kọ́ kàrátè, ẹ lọ bá Sensei: "Sensei, ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n tẹ̀ mọ́ nílé lọ́sẹ̀ yìí?" Ìdáhùn tó bá fún yín ni iṣẹ́ ilé yín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí oorun tó gbé yín lọ, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé: orúkọ ohun náà, ẹsẹ̀ tó wà níwájú, àti ohun tí Sensei tún ṣe lára yín.

Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á kọ "zenkutsu-dachi" (ìdúró tí ẹsẹ̀ kan wà níwájú, tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀), ó tán. Orúkọ nìkan kò ní ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Zenkutsu-dachi. Ẹsẹ̀ òsì níwájú. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn mi ń gbéra." Àtúnṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ gbé wálé.

Àyẹ̀wò: láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan nínú ilé láì dìde dúró. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè sọ ọ́ àfi kí ẹ fi ara ṣe é, ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín kan tó wà ní kíláàsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ wá ibi tó dára, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ilé mọ̀

Inú ọgbà ilé ló sàn jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́bàá kànga àti ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ máa ń hu ohun tútù aláwọ̀ ewé, ó sì máa ń yọ̀ gan-an. Ẹ má dúró síbẹ̀ rárá, kódà bó bá dà bíi pé ó ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku tó wà lórí táìsì ló ń yọni lẹ́sẹ̀. Ẹ gbá a, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má wọ sọ́ọ̀kì lórí táìsì. Ẹ má tẹ́ ẹní sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹní á bá ẹsẹ̀ yín rìn. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: ìṣó, ìdérí ìgò àti àfọ́kù ìgò ni mo sábà máa ń rí lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ṣe ìnáwó.

Bí ilé bá fún mọ́ yín, ẹ lọ sí sitédíọ̀mù láàárọ̀, níbi tí àwọn tó ń sáré ìlera ti máa ń wà, tàbí Nelson Mandela Freedom Park ní Old Garage. Pápá ilé-ìwé tó wà ládùúgbò náà dára, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Ibi kan tí mi ò fọwọ́ sí ni Igbó Ọ̀ṣun. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun-ìní àgbáyé láti 2005, ibi ìjọsìn ni fún àwọn tó ni ín. Ẹ má lọ máa ta ìpá níwájú ère nítorí fídíò.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò. Ẹni tó bá rí ọ̀dọ́ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ nínú òkùnkùn lóde òní, kàrátè kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ ṣe é ní ojúmọmọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún lánlọ́ọ̀dù tàbí àgbà ilé: "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Kàrátè ni mo ń kọ́. Mo fẹ́ máa lo ẹ̀yìn ilé fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀. Mi ò ní pariwo sà." Kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín: nílé, kiai, igbe tí a ń ké bí a bá ń kan ẹ̀ṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ní ohùn. Ẹ tú èémí jáde lójijì láti inú ikùn, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi igbe rẹ̀ sílẹ̀ de dojo.

Bó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ ṣe ìdúró àti ìṣísẹ̀ tó lọ tààrà, kí ẹ fi gbogbo yíyí sílẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró sí àárín, ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ yí po. Ó yẹ kí àlàfo tó tó apá kan ṣì wà láàárín ìka yín àti ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì yí i. Bó bá yọ̀ lọ láì gbà yín dúró, ilẹ̀ náà ń yọ̀ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé orúnkún lẹ gbọ́ tó ń lọ́, ilẹ̀ náà ń dá ẹsẹ̀ dúró jù. Ibi tó wà láàárín méjèèjì lẹ fẹ́.

3. Ẹ mú ara gbóná

Ogún ìṣẹ́jú tó, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ti kíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún mímú ara gbóná, méjìlá fún iṣẹ́, mẹ́ta fún ìparí. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ni oòrùn kò tíì mú. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ ráyè, ẹ jẹ́ kí iyán tàbí àmàlà ọ̀sán ti lo bíi wákàtí méjì nínú yín. Nínú oṣù Ramadan, ẹ ṣe é lẹ́yìn ìṣínu nígbà tí oúnjẹ bá ti walẹ̀, tàbí kí ẹ mú ìdúró nìkan ṣe kí àsìkò ìṣínu tó dé.

Ẹ rìn lójú kan kí orúnkún máa gòkè, ẹ yí èjìká, ẹ yí ìbàdí, ẹ fi ẹsẹ̀ jù síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láì fi agbára sí i. Ẹ má fi ara tútù na ẹsẹ̀ gbalaja. Ìparí ni àyè nína ẹsẹ̀.

Àyẹ̀wò: òógùn díẹ̀ ti ń yọ níwájú orí, ẹ sì ṣì lè sọ odidi gbólóhùn kan láì mí hẹlẹ.

4. Ìdúró: zenkutsu-dachi

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín jù sí. Bí ìdúró bá wọ́, ẹ̀ṣẹ́ á wọ́, kata á wọ́, kò sí ohun tí ẹ lè fi bò ó.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì tó gùn sórí ilẹ̀, kí àlàfo àárín wọn ṣe déédéé ìbú ìbàdí yín. Ẹsẹ̀ òsì á wà lórí ìlà òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lórí ìlà ọ̀tún, títí tí ẹ ó fi parí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ẹ tẹ orúnkún rẹ̀ títí yóò fi wà lókè àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Ẹ na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ọmọ-ìka rẹ̀ kọjú síwájú débi tí ọrùn ẹsẹ̀ bá gbà, kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá. Ìwúwo ara máa wà lórí ẹsẹ̀ iwájú ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀, bí 60 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyà dúró, ìdí kò yọ sẹ́yìn, ojú ń wo ọ̀ọ́kán.

Àṣìṣe mẹ́rin ló wọ́pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan:

Èkíní, ẹsẹ̀ méjèèjì á bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ lásán á lè tì yín ṣubú. Ìlà ṣọ́ọ̀kì á tú àṣírí èyí lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á gbéra. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ìdúró ti gùn ju ohun tí ọrùn ẹsẹ̀ yín lè gbà lọ. Ẹ dín gígùn rẹ̀ kù. Ìdúró tó kúrú, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, sàn ju èyí tó gùn tó rí bíi ti fọ́tò lọ.

Ẹ̀kẹta, orúnkún iwájú á wọ inú. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀. Ẹ tì í síta díẹ̀ kó lè wà ní ọ̀gangan ọmọ-ìka ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àyà á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.

Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Itan á gbóná; bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rìn: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó gbé ara ró, á sì jáde lọ sórí ìlà tirẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ní lílọ, mẹ́ta ní bíbọ̀. Ẹ má sáré. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orí yín ń gòkè sọ̀kalẹ̀, oòrùn àárọ̀ á ràn yín lọ́wọ́: ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ wo òjìji orí yín. Bó bá ń fò sókè sódò, ẹ ń na orúnkún láàárín ìṣísẹ̀.

Àyẹ̀wò: nínú ìdúró, ẹ rọra jẹ́ kí orúnkún ẹ̀yìn balẹ̀ láì ṣí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kankan nípò. Bó bá balẹ̀ lẹ́bàá gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú, gígùn ìdúró náà bá yín mu. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí àbúrò yín fi ọwọ́ kan rọra tì yín ní ìbàdí láti iwájú, kó tún tì yín láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tó tì yín láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ìlà yín.

5. Ẹ̀ṣẹ́

Ẹ ká ìka wọlé ṣinṣin, kí àtàǹpàkò wà níta, lórí ìka méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò sínú ẹ̀ṣẹ́ á ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó bá kan nǹkan. Ọrùn ọwọ́ á dúró tààrà. Ẹ̀ṣẹ́ á kúrò ní ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ á máa ra ẹ̀gbẹ́ kọjá, ọwọ́ á wá yí ní ìparí. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni èkejì gbọ́dọ̀ máa padà sí ìbàdí, kí méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Chudan ni kí ẹ fojú sùn: ibi tí egungun àyà parí sí.

Mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Mẹ́wàá mìíràn tó yára díẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ alágbára nínú ìdánrawò ilé fún ẹni tuntun, nítorí kò sí ohun tó máa dá ọwọ́ dúró lójú afẹ́fẹ́ àfi oríkèé ìgbọ̀nwọ́ yín. Ẹ dá a dúró díẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ tó nà tán. Ẹ má lu ògiri, ẹ má lu igi máńgòrò.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yín sún mọ́ ògiri, kí àlàfo tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín apá àti ògiri. Ẹ kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ra ògiri, ó ń ṣí síta.

6. Ìpá iwájú: mae-geri

Ìpele mẹ́rin ni ìpá kan: ẹ gbé orúnkún, ẹ na ojúgun, ẹ ká a padà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ á fà sẹ́yìn kó lè jẹ́ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń lọ síwájú. Gíga ìbàdí ti pọ̀ tó. Àwọn tó fẹ́ kí ìpá wọn dé orí ni ìdí wọn máa ń yọ sábẹ́, tí ẹ̀yìn wọn á sì ká. Márùn-ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìsinmi, márùn-ún mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpele kejì. Ìpá tí a fi gbogbo agbára jù sínú afẹ́fẹ́, tí orúnkún sì nà gbọnrangandan, ń fa oríkèé orúnkún. Ìpele kẹta, kíká padà, ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé: ẹsẹ̀ á kàn já sílẹ̀, ara á sì bá a ṣubú síwájú.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn "ẹ̀ta", ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí orúnkún ṣì wà lókè, láì di àga mú, títí ẹ ó fi ka mẹ́ta tán. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ìpá yín ti ga jù tàbí ti yára jù.

7. Kata: Heian Shodan lórí ṣọ́ọ̀kì

Àfi tí wọ́n bá ti kọ́ yín dé òpin rẹ̀ ni kí ẹ ṣe odidi. Bí Sensei bá dúró sí ìṣísẹ̀ kẹsàn-án, ìkẹsàn-án ni ẹ̀yin náà á dúró sí. Ẹ má lọ wá ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní ìyàtọ̀ kéékèèké, àwọn ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n sì máa bá yín wí lé lórí.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín kata sí ìdì márùn-ún: 1 sí 5, 6 sí 9, 10 sí 13, 14 sí 17, 18 sí 21. Ìdì kan ní ọjọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹsẹ̀ nìkan, kí ọwọ́ wà ní ìbàdí. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ fi ọwọ́ kún un. Kiai wà ní ìkẹsàn-án àti ìkẹtàdínlógún. Ti ilé, èémí lásán ni.

Níbi yíyí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, pàápàá àwọn méjì tó gùn: kí ẹ tó ṣe ìkẹwàá, àti kí ẹ tó ṣe ìkejìdínlógún. Ní àwọn ibi méjèèjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú, ẹ sì máa gba apá òsì yí tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká. Ẹsẹ̀ òsì tó wà lẹ́yìn ló máa gba ẹ̀yìn yín lọ. Ọ̀pọ̀ a máa gba ọ̀nà kúkúrú, wọ́n á yí sí ọ̀tún. Wọ́n á kọjú síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò tọ́ ló máa wà níwájú, gbogbo ìyókù á sì dojú rú. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó tọ́, àmọ́ wọn ò gbé ẹsẹ̀ òsì jìnnà tó, ìdúró á wá di ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ ṣe é báyìí: ẹ dúró bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkẹsàn-án. Ẹ yí orí lọ sí èjìká òsì títí ojú á fi rí ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ òsì gba ẹ̀yìn, láì tíì gbé ara lé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì X síbi tó balẹ̀. Ẹ wo ìdúró náà: ṣé ìbú ìbàdí wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì? Bí kò bá sí, ẹ sún X náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa padà sí ìkẹsàn-án, kí ẹ máa yí lọ bá X, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, láì ṣe ohun mìíràn. Ìkejìdínlógún ní tirẹ̀ máa ń parí sí kokutsu-dachi (ìdúró ẹ̀yìn) pẹ̀lú shuto-uke (fífi etí ọwọ́ dí ìkọlù), nítorí náà ara á dúró sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. X tirẹ̀ kì í ṣe X ti ìkẹwàá.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fáwọn tó ń ṣe kata nínú pálọ̀. Ojú wọn á ti so mọ́ ilẹ̀kùn àti tẹlifíṣọ̀n: "tí mo bá dé ìkẹfà, tẹlifíṣọ̀n ni mo ń wò." Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé dojo, kò sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sọnù. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí ẹnu ọ̀nà, lọ́jọ́ mìíràn kànga, lọ́jọ́ mìíràn ilé ìdáná.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá parí ìkọkànlélógún tí ẹ fa ẹsẹ̀ padà, ó yẹ kí ẹ wà lórí àmì tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ má jìnnà sí i ju gígùn ẹsẹ̀ kan lọ. Bí ẹ bá parí síwájú àmì, ìṣísẹ̀ 15 sí 17 yín kúrú ju 7 sí 9 lọ. Bí ẹ bá parí sẹ́yìn rẹ̀, òdìkejì ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ yà sí, ẹ wo àwọn ìṣísẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àti ìyípo ìkẹwàá.

8. Fídíò àti ìwé

Ẹ gbé fóònù sórí àpótí ní gíga ìbàdí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láti iwájú, ọgbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ohun tó wà ní ìlà kẹta ìwé yín nìkan ni kí ẹ wá. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn tí kò mọ̀ yín wá máa tún un ṣe fún yín. Olùkọ́ méjìlá ò ní kọ́ ẹnì kan já. Sensei nìkan ni kí ẹ fi hàn.

Àyẹ̀wò: ẹ lè kọ gbólóhùn kan sínú ìwé, bíi "gìgísẹ̀ ṣì ń gbéra ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti òsì ti dúró."

9. Ìparí, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró

Ẹ rìn lọ rìn bọ̀ títí èémí á fi balẹ̀. Ẹ wá na ẹran ẹ̀yìn itan àti ti ẹ̀yìn ojúgun, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fò lórí rẹ̀. Ẹ mu omi.

Kí itan máa ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe nǹkan. Ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, orúnkún tó wú, tàbí ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi yìnyín sínú aṣọ, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fi bàámù gbígbóná kùn ún, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dára tó. Bí ẹ ò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ohun tí a kì í ṣe nílé

Ìjà ìdánrawò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kódà bó ṣe eré. Fífi oríkèé ìka ṣe push-up lórí sìmẹ́ǹtì. Fífọ́ pákó tàbí búlọ́ọ̀kù. Kíkọ́ àwọn ọmọ kékeré inú ọgbà ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì mọ̀. Gbígbé nunchaku tàbí ọ̀pá rìn ní ìgboro.

Lọ́jọ́ kíláàsì

Ẹ tètè dé, kí ẹ fi ohun kan tí ẹ ṣe nílé han Sensei, kí ẹ bi í: "Sensei, ṣé ó ti kúrò lára mi?" Bó bá ní ó ti kúrò, ẹ fa ìlà lé e nínú ìwé, kí ẹ gba òmíràn. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti kata sílẹ̀ nílé, kí ẹ padà sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti ìgbésẹ̀ kẹrin fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí kíláàsì kò bá wáyé, bóyá òjò ló dí i ni o, tàbí èrò ọdún Ọ̀ṣun ló kún ojú ọ̀nà lóṣù kẹjọ, ẹ má tìtorí ẹ̀ bọ́ síwájú fúnra yín. Ẹ ṣí ojú ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ tún ìyẹn ṣe.